Ebè Ọlọ́wọ́ Òsì ní Ọ̀nà Ìlọfà

"Bàbá, òfin ti dá yín sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi àga olórí sílẹ̀, tí ẹ tún gbé ọkọ́ lọ sí oko olówó?"

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbójú láti bi Bàbá Ìbítóyè ní ìbéèrè yìí. Ẹ̀yìn ilé wọn ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò láti ìdí odò, síbẹ̀ nígbà tí mo máa fi sọ ọ́ tán, ohùn mi ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé wọn kò gbọ́. Wọ́n gbọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n da omi tó kù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá rẹ ń pè ọ́."

Ìyá mi kò pè mí. Mo lọ.

Olùkọ́ wa ní bí a bá ń kọ ìtàn ẹnì kan, kí a pè é ní "ó", kí ó má baà dà bíi pé ènìyàn púpọ̀ ni. N ó gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Kí Bàbá má bínú sí mi.

Àgbẹ̀ ni Ìbítóyè ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, agboolé kan náà sì ni àwa pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe ìjòyè, kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì mọ̀wé. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Bí ó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó máa ń rántí na ọ̀tún, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé oko, ọwọ́ òsì ni ó ń ṣáájú lára ọkọ́. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í lé wa kúrò nídìí igi àgbálùmọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bí wọ́n bá ní kí ó bá wọn gbọ́ ẹjọ́, ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ó máa ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Mo ṣì kéré nígbà tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí àwọn ìlú Ọ̀pin yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa ṣòfin lórí owó orí, ọjà àti gbèsè. Gbogbo ènìyàn rò pé Adéjùmọ̀ ni yóò jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà. Adéjùmọ̀ ní oko ńlá, ó ní ẹṣin, ó sì ní àwọn ìwọ̀fà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi kò mọ orúkọ gbogbo wọn.

Àwọn tó ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn wa lè má mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó tí kò ní ohun tí yóò fi dúró, a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ fún olówó. Ẹni náà yóò máa ṣiṣẹ́ ní oko olówó láàárọ̀, kí ó tó lọ sí oko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dín owó kù. Èlé lásán ni. Bí ó bá sìn títí tí irun rẹ̀ fi funfun, owó ṣì wà níbẹ̀ bí ó ṣe yá a.

Àwọn tó bẹ̀rù Adéjùmọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kò fẹ́ kí ó gun orí àga, àwọn tó sì fẹ́ràn rẹ̀ kò fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn wọ́n mú Ìbítóyè, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ti ṣẹ̀ rí. Adéjùmọ̀ ní, "Ó dáa. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, kí ni yóò fi pamọ́ fún wa?"

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé olórí tuntun náà, ìwọ̀fà ni òun fúnra rẹ̀. Bẹ̀llò, àgbẹ̀ kan ní Ìlọfà tó tún máa ń ṣòwò lọ sí Ìlọrin, ni olówó rẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan, bí Ìbítóyè bá lọ sí oko tirẹ̀ lónìí, lọ́la yóò ti dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò gba ọ̀nà Ìlọfà lọ sí oko Bẹ̀llò. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àṣà wa sì ni pé ìwọ̀fà kì í jókòó ṣe olórí fún ọmọ ìlú. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn yóò gba àga lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sì fẹ́ kí àga náà wà lọ́wọ́ òun títí di ìgbà iṣu tuntun, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí Ajẹ́lẹ̀ ní kí ìgbìmọ̀ jíròrò: bóyá kí ìwọ̀fà wà tàbí kí ó tán. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi Leah, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé, ń dúró dè é. Jonah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lóko Adéjùmọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yá owó fi tọ́jú ẹsẹ̀ bàbá wọn.

Kò pẹ́ tí Ìbítóyè jókòó sórí àga tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbé ayé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ta ló bìkítà ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ra epo? Ní báyìí wọ́n mọ̀. Wọ́n rí i pé koríko ṣì ni òrùlé rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀wù kan náà ni ó ń wọ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ àti sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àwọn tó ń jẹun nílé Adéjùmọ̀ ní kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀.

Mo gbọ́ wọn ní ìdí ẹbu epo, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fún ẹyìn.

"Ọkùnrin tó lágbára báyìí, kì í mutí, ìyàwó kan ló fẹ́, kì í gba àlejò. Níbo ni owó rẹ̀ ń wọlé sí?"

"Ó ń rì í mọ́lẹ̀ ni."

"Ìbítóyè? Tí ó bá rí owó rì, ìyàwó rẹ̀ ìbá ti hú u."

"Ẹ fi ṣe àwàdà. Àárọ̀ tí kì í sí nílé yẹn ńkọ́? Tí a bá bi í, á ní pàkúté lòun ń lọ wò. Ọdún wo ló ti ń wo pàkúté, tí a ò rí ìrù òkété kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé igbá mi, mo kọjá, nítorí èmi náà ti rí i tí ó ń lọ ní àárọ̀, kò sì mú okùn pàkúté kankan dání. Ọkọ́ ni ó gbé.

Nígbà tí ó tó àkókò láti wo oko nítorí owó orí, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ni yóò rìn yí gbogbo oko ká, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san. Ìbítóyè fúnra rẹ̀ ló sọ pé oko olórí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó sá pamọ́ sẹ́yìn àga. Wọ́n lọ wò ó. Oko náà kéré, ìdajì rẹ̀ sì ti di igbó. Adéjùmọ̀ fi ẹsẹ̀ ta koríko, ó ní, "Ṣé oko alágbára rèé?"

Ilésanmí ni àgbà jù nínú ìgbìmọ̀. Òun ni wọ́n máa ń gbọ́kàn lé bí a bá ń wo oko, nítorí ó mọ ebè. Ó máa ń sọ pé ènìyàn lè purọ́, ebè kì í purọ́. Ó ní ọ̀lẹ máa ń kọ ebè tó ga lẹ́bàá ọ̀nà, bí o bá wọnú oko, á máa kéré sí i títí tí yóò fi dà bí ilé èèrà. Ó ní ẹni tó bá bínú wá láti ilé, ebè tó bá kọ lọ́jọ́ náà kì í gún. Bí ó bá dúró létí oko, ó lè pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, kì í sì í ṣìnà.

Ebè Ìbítóyè ni ó rọrùn jù láti mọ̀. Nítorí ọwọ́ òsì tó ń lò, apá ibi tí àwọn yòókù máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sí kọ́ ni tirẹ̀ máa ń jìn sí. Ó sì máa ń fi ògúlùtu kan tẹ koríko orí ebè mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀pin.

Ní ọjọ́ kan àwọn àgbà náà gba ọ̀nà Ìlọfà. Olórí kò bá wọn lọ, nítorí kì í bá wọn dé oko oníkálukú, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀. Bàbá mi wà láàrin wọn. Òun ni ó ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, mo sì gbọ́. Ó ní wọ́n dé ibi tí oko ńlá kan wà lẹ́bàá odò, ni Ilésanmí bá dúró, ó ké pe inú oko pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìbítóyè!"

Wọ́n bi í pé, "Bàbá, ta lẹ̀ ń kí?"

"Olóko ni. Ṣé ẹ ò rí ebè rẹ̀ ni?"

Wọ́n wò. Ebè ọlọ́wọ́ òsì ni, ògúlùtu wà lórí koríko, láti etí odò dé ibi tí ojú kò ríran dé mọ́. Adéjùmọ̀ wọ inú oko náà, ó rìn ín yí ká. Nígbà tí ó jáde, ó ní, "Oko yìí ju tèmi lọ. Ẹ̀yin ará, pàkúté Ìbítóyè rèé."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà pé olórí ní oko ìkọ̀kọ̀, tó fi pamọ́ kí ó má baà san owó orí rẹ̀, tó sì fi oko kékeré tó kún fún koríko tan ìlú jẹ. Kí a má dá wọn lẹ́bi jù. Ilésanmí mọ ọwọ́ tó kọ ebè náà, kò sì ṣìnà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó pé ọwọ́ lè jẹ́ ti ẹnì kan kí oko jẹ́ ti ẹlòmíràn, nígbà tó jẹ́ pé olórí ni ẹni náà.

Abẹ́ igi ọdán iwájú ilé ìwé wa ni ìgbìmọ̀ máa ń jókòó sí, àwa ọmọbìnrin la sì máa ń bu omi fún wọn. Èmi ni ó kàn láti bu omi lọ́jọ́ tí wọ́n pe Ìbítóyè láti wá jẹ́jọ́. Nítorí náà, ohun tí n ó kọ báyìí, ojú mi ni mo fi rí i.

Adéjùmọ̀ dìde, ó tẹrí ba. "Olórí wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni pàkúté?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó wà níbẹ̀," ni Ìbítóyè wí.

"Ó mà ti mú ẹran ńlá o. Odindi oko kan ló mú ní ọ̀nà Ìlọfà! Àwa tálákà ń ta iṣu san owó orí, olórí wa ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìn odò."

Ariwo ta. Ilésanmí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè títí wọ́n fi dákẹ́. Ó rọra bi í pé, "Ìbítóyè ọmọ mi, ebè tí mo rí lọ́jọ́sí, ṣé tìrẹ ni?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Oko ńkọ́?"

"Oko kì í ṣe tèmi."

Adéjùmọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ebè jẹ́ tirẹ̀, oko kì í ṣe tirẹ̀. Ṣé ojú oorun ló ti ń rìn lọ kọ ebè fún olóko ni?"

Mo gbé igbá omi dání, mo ń wo Bàbá. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò yọ ọ́ bí ẹni tó jí owó orí ìlú. Bí ó bá sọ òtítọ́, wọn yóò yọ ọ́ bí ìwọ̀fà. Ọjọ́ náà gan-an sì ni wọ́n fẹ́ jíròrò ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà.

Ó dìde lórí àga. Ó ní, "Bẹ̀llò ará Ìlọfà ló ni oko náà. Òun náà ló ni ọwọ́ tó kọ ọ́. Ìwọ̀fà rẹ̀ ni mí."

Kì í ṣe èyí ni Adéjùmọ̀ ti múra sílẹ̀ fún. Síbẹ̀ ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀fà! Ẹ̀yin ọmọ ìlú, ìwọ̀fà ló ń pàṣẹ fún wa láti ọjọ́ yìí wá!"

"Kó kúrò níbẹ̀!"

"Ó ti dìde ná, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún jókòó!"

Ìbítóyè ní, "Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà wà nílẹ̀ lónìí. N kò ní dá sí i, nítorí ọrùn èmi náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ sọ fún mi bóyá kí n jókòó tàbí kí n máa lọ ilé."

Ó jáde kúrò lábẹ́ òjìji igi, ó lọ dúró nínú oòrùn, ní ibi tí kò ti ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo gbé omi lọ fún un. Ó mu ún, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Padà lọ síbẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ àwọn tó ń pariwo."

Nígbà tí mo padà, Ilésanmí ló ń sọ̀rọ̀. "Láti kékeré ni mo ti mọ ebè, lónìí mo mọ ọwọ́, mo ṣi olóko mọ̀. Ohun tó lè de ẹni tí a fi jẹ olórí, tí a kò sì mọ̀, ta ni kò lè dè? Adéjùmọ̀, o ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ó dá ọ lójú pé ọmọ tìrẹ kò ní gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹnì kan ní ọ̀la?"

Adéjùmọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n sọ ọ́ títí tí oòrùn fi yẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣòfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìwọ̀fà mọ́, àti pé ẹni tó bá ti sìn ju ọdún mẹ́ta lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti san owó náà, kí ó máa lọ ilé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìbítóyè wọlé. Ẹnì kan bèèrè pé àga ńkọ́. Ilésanmí ní, "Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìwọ̀fà mọ́, ibo ni ẹ ti fẹ́ rí èyí tí ẹ ó yọ lórí àga?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìbítóyè sì jókòó.

Jonah padà sílé ní ọ̀sẹ̀ náà. Leah kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, olùkọ́ sì bá a wí títí ó fi sú u.

Bí ìtàn yìí bá parí síbẹ̀, ì bá dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbítóyè kò ṣíwọ́. Lẹ́yìn òfin, ó ṣì ń dìde láàárọ̀, ó ṣì ń gba ọ̀nà Ìlọfà. Kò pa irọ́ pàkúté mọ́. Ó ń gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà, ó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún. Ilésanmí wá sílé, ó ní, "Òfin tí olórí kò bá tẹ̀ lé, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́." Ìbítóyè ní òun gbọ́. Ní ọ̀túnla, ó lọ.

Àwọn olówó rí i. Adéjùmọ̀ lọ sí ilé Leah, ó bá bàbá wọn lórí ẹní. Ó ní, "Ṣé olórí ti ṣíwọ́? Òun tó wà lórí àga nígbà tí a ṣòfin, ó ń lọ sóko olówó rẹ̀. Ọjọ́ tí olórí bá ṣíwọ́, Jonah náà á ṣíwọ́." Bàbá Leah jẹ́ ojo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e. Jonah padà sí oko Adéjùmọ̀. Ní àwọn ilé mìíràn, àwọn olówó sọ bákan náà, wọ́n sì gba àwọn ìwọ̀fà wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Leah kò bá mi jẹun mọ́ lákòókò ìsinmi. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Bàbá agboolé yín ló gbé ẹ̀gbọ́n mi padà." Òtítọ́ ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, Ìbítóyè dé, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó dúró sẹ́yìn àga, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Adéjùmọ̀, mo gbọ́ pé o ní ọjọ́ tí olórí bá ṣíwọ́ ni Jonah yóò ṣíwọ́."

"Mo sọ ọ́. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Ṣé gbogbo ìwọ̀fà tó kù lọ́wọ́ rẹ ni o sọ ọ́ fún?"

"Gbogbo wọn. Bí olórí bá ti ṣe ni àwa náà ń ṣe. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé olórí?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́.

"Ó dáa. Láti òní lọ, èmi kì í ṣe olórí mọ́. Bàbá Ilésanmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

Wọ́n pariwo. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ilésanmí ní, "Àga yìí ti ga jù fún egungun mi."

"Ẹ ó bá wa jókòó, Bàbá."

Wọ́n dì í mú, ó jókòó. Ìbítóyè wá tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bi í lójú gbogbo ènìyàn pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sin olówó kankan?"

"Èmi? Ìyàwó mi nìkan ni mò ń sìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àní àwọn ará Adéjùmọ̀ pàápàá. Ìbítóyè yíjú sí Adéjùmọ̀, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Olórí ti ṣíwọ́."

Kí alẹ́ tó lẹ́, Jonah ti wà nílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ bá Bàbá lẹ́yìn ilé, tí mo bi í ní ìbéèrè tí mo kọ sókè. Kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tí òfin tú sílẹ̀, tó tún fi ọrùn ara rẹ̀ sínú okùn, tó sì tìtorí ẹ̀ pàdánù àga, kí ni a ó pè é? Àwọn kan ní Bẹ̀llò ti fi oògùn dè é. Kò fèsì fún ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Oko tirẹ̀ ń kún fún koríko, àwọn ebè ọlọ́wọ́ òsì sì ń pọ̀ sí i lẹ́bàá odò lọ́nà Ìlọfà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí ó ti ta iṣu àti ekuro, ó kó owó tí ó yá gan-an lọ fún Bẹ̀llò, ó sì jókòó sílé. Lẹ́yìn ikú Ilésanmí, ìgbìmọ̀ tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá jẹ olórí. Ó kọ̀. Ó máa ń lọ jókòó láàrin àwọn aṣojú agboolé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Adéjùmọ̀ ni olórí báyìí. N kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: láti ọjọ́ tí ó ti sọ̀rọ̀ yẹn níwájú àwọn àgbà, kò mú ìwọ̀fà mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì mú, òun ni ó ń kọ́kọ́ bá a wí.

Lọ́dún yìí, tí mo ti wà ní kíláàsì àwọn àgbà nílé ìwé, mo ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó ń gé èbù iṣu, èmi sì ń fi eérú pa ojú ibi tó gé kí ó má baà rà. Ó gé ọ̀kan, ó gbé e fún mi, ó ní,

"O bi mí ní ọ̀rọ̀ kan rí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé o ti rí ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ?"

"Rárá, Bàbá."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọdún àjàkálẹ̀ àìsàn Lùkúlùkú ni mo yá owó yẹn. Àìsàn náà pa bàbá mi, kí a tó sin ín tán, ó pa ìyá mi. Mo lọ bá Bẹ̀llò. O mọ̀ pé olówó kì í gba ìwọ̀fà láìsí onígbọ̀wọ́, ẹni tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò ní bí eléyìí bá sá lọ, èmi ni kí ẹ mú. Bẹ̀llò bi mí pé, 'Onígbọ̀wọ́ rẹ dà?' Mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kan. Àwọn tí ì bá dúró fún mi, àwọn ni mo fẹ́ lọ sin. Àwọn tó kù wà lórí ẹní. Bẹ̀llò wò mí, ó wò mí. Ó mú mi ní ọwọ́, ó mú mi dúró ní apá ọ̀tún rẹ̀, ó ní, 'Ta nìyí?' Mo ní, 'Ìwọ̀fà ni.' Ó tún mú mi kọjá sí apá òsì, ó ní, 'Ta nìyí?' Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú mi lójú. Nígbà tó yé mi, mo ní, 'Onígbọ̀wọ́ ni.' Ó ní ó parí, ó ka owó fún mi.

"Nígbà tí òfin dé, Bẹ̀llò fúnra rẹ̀ ní kí n máa lọ ilé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òfin tú ẹni tó ń sìn sílẹ̀, kò tú ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró fún owó. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún Adéjùmọ̀ lábẹ́ igi ọdán? Àga rọrùn láti gbé kalẹ̀ ju àlàyé lọ."

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó fà á kọjá lára aṣọ láti nù ún.

"Ìwọ̀fà ti wá sílé ní ọjọ́ tí ẹ ṣòfin, ọmọ mi. Onígbọ̀wọ́ ni ẹ̀ ń rí lójú ọ̀nà Ìlọfà."